Obìnrin Tó Ń Gbálẹ̀ Lẹ́bàá Ojú Irin

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ṣakí rí. Ìyẹn gan-an ló mú kí Ọdẹ́wùmí, ayàwòrán pátákó ìpolówó, àti Ládòkun ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré pinnu pé àwọn á mú un wá fúnra àwọn, kó tiẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ìṣeré lórí tábìlì. Ládòkun to ojú irin, ó so bátìrì mọ́ ọkọ̀. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ Ọdẹ́wùmí ló ti jáde.

Ọdún méjì ló fi ṣe é. Ó gé agolo mílíìkì ṣe páànù ilé, ó rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ títí ó fi dípẹtà bíi páànù àdúgbò wọn gẹ́lẹ́. Kànrìnkàn tó pa láró ló fi ṣe igi, wáyà ló ká di ọ̀kadà. Ó ya Òkè Asabari sára pákó tó wà lẹ́yìn, ó sì kun ojú ọ̀run ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìgbẹ̀yìn ló wá gbẹ́ obìnrin kan tí kò ju ìka lọ, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ni, Dúróríkẹ́ olóògbé, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá náà kò ya fọ́tò rí. Àjákù ìró rẹ̀ gan-an ni Ọdẹ́wùmí ró fún ère náà.

Nígbà tí Ládòkun rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá wa rèé!"

Kò parọ́. Oúnjẹ obìnrin náà ló jẹ dàgbà.

Nígbà tí àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, Ládòkun ní kí ọ̀rẹ́ òun jókòó sílé, òun á gbé e lọ, òun á sì dárúkọ àwọn méjèèjì. Ọdẹ́wùmí gbà, nítorí ta ní í bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn oníwèé? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, ọkàn rẹ̀ fà á, ó wọ mọ́tò lọ wò ó.

Èrò ti pé lé tábìlì náà lórí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé: IṢẸ́ LÁDÒKUN NÌKAN. Nìkan! Ara Ọdẹ́wùmí gbóná. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú ń gbé. Ó ti ń wá èébú tí yóò kọ́kọ́ sọ nígbà tí àgbà ahunṣọ kan, Ìyá Waheedat, na ìka sí ojú ọ̀run pupa náà.

"Ìgbà wo nìyí, ọmọ mi?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni, mà," ni Ládòkun dáhùn. "Oòrùn ń wọ̀, àwọn èèyàn ń lọ sílé."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ta ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tílẹ̀ ń ṣú? Ṣé ó fẹ́ gbá oríire ẹ̀ dànù ni? Ta tiẹ̀ ni obìnrin yìí?"

Ládòkun gbójú sókè, ojú rẹ̀ àti ti Ọdẹ́wùmí ṣe mẹ́rin. Ó tètè wolẹ̀.

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, mà. Mo kàn fi dí àyè ni."

Gbogbo èébú náà gbẹ mọ́ Ọdẹ́wùmí lẹ́nu. Orúkọ tirẹ̀ tí wọ́n jí, bóyá ó lè forí jì í lọ́jọ́ kan. Èyí dùn ún dé egungun. Ó na ọwọ́, ó fà á tu, obìnrin náà tòun ti ìgbálẹ̀ rẹ̀.

"Àárọ̀ ni, mà," ló sọ fún Ìyá Waheedat. "Dúróríkẹ́ lorúkọ wọn. Àwọn ló bọ́ àwa méjèèjì."

Ó fi ère náà sápò àyà, ó jáde.