Búrẹ́dì Tó Ní Àdírẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo ba àpò yẹn jẹ́. Kì í ṣe pé mo ya á o, èmi náà ni mo rán an, ẹni tó bá fẹ́ ya á á pẹ́ níbẹ̀. Títò ni mo tò ó. Ìmọ́tótó ló kó bá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni àpò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri ìlú, òjò ò dá wọn dúró, oòrùn ò dá wọn dúró, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún, àwọn apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ tiwa dé èyí tó wà létí òkun, ọgọ́jọ kìlómítà gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dé kìlómítà àádọ́fà, súgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n sì ṣubú sínú koríko. Ọkọ̀ ló gbé wọn wálé.

Ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ pé, "Màmá, tí ọkọ̀ bá tún gbé yín wálé lọ́dún tó ń bọ̀, a máa fi kẹ̀kẹ́ yẹn tọrẹ." Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn gbà. Mo wo ojú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gba kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn ló gbà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi múra lọ́dún yìí. Mo ti rí aláboyún tó ń palẹ̀ ẹrù ìbímọ mọ́, ìmúra tiwọn ju ìyẹn lọ. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n kó gbogbo ẹrù sórí tábìlì ìránṣọ mi, torí òun ló gùn jù nínú ilé. Búrẹ́dì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ pa lára, ẹyin bíbọ̀, ànàmọ́ bíbọ̀ tí wọ́n wọ́n iyọ̀ lé, dàbínù tí wọ́n ti yọ kóró inú ẹ̀. Ìgò omi mẹ́ta: ọ̀kan omi lásán, ọ̀kan omi ọsàn tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí, ọ̀kan tó ti di yìnyín kó lè tutù dọ̀sán. Tíúbù, póńpù, sípánà kékeré, aṣọ òjò, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo súgà inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń fi bébà wé oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sí i lára: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni nọ́ńbà yìí wà fún?"

"Àdírẹ́sì ni, Bọ́tìnnì." Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè mí látìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. "Tí mo bá ń pín lẹ́tà, ilé tí mo máa kọ́kọ́ dé ló ń wà lókè, èyí tí mo máa dé kẹ́yìn ló ń wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń mú un, ojú mi wà lójú títì. Oúnjẹ yìí náà, kìlómítà tí mo máa ti jẹ ẹ́ ni mo kọ sí i. Tí mo bá ti débẹ̀, mo jẹ ẹ́ nìyẹn, ebi pa mí o, ebi ò pa mí o. Lọ́dún tó kọjá, mo ń dúró kí ebi kọ́kọ́ pa mí. Ìyẹn ló gbé mi ṣubú."

Kóró súgà tí wọ́n máa jẹ bí súgà ẹ̀jẹ̀ wọn bá tún já wálẹ̀ ni wọ́n kó sínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àpò náà, èyí tí kò ní síìpù. Orí ẹ̀ ń yọ síta. Ó ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ mo gbẹ́nu dákẹ́, torí a ti jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Wọ́n ní kí n rán àpò kan sí àyà ẹ̀wù tuntun tí wọ́n máa wọ̀, kí n má fi bọ́tìnnì sí i, kí n má fi ìbòrí sí i. Mo ní, àpò tó la ẹnu sílẹ̀ lórí ẹ̀wù tó rẹwà báyìí? Kí làwọn èèyàn máa sọ nípa télọ̀ tó rán an? Wọ́n ní, "Ṣáà rán an." Mo rán an, mo ń kùn.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n wọ ilé ìwẹ̀, mo sì lọ wo àpò. Ojú mi ò gbà á, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì àná pátá. Ànàmọ́ wà lórí búrẹ́dì, ẹyin há sáàárín dàbínù, ohun kan náà wà níbí, ó tún wà lọ́hùn-ún. Èmi tí òwú dúdú àti òwú aró kì í gbé inú agolo kan náà nílé mi. Kí omi tó gbẹ lára wọn, mo ti kó búrẹ́dì pọ̀, mo ti kó ẹyin pọ̀, mo ti fi aṣọ wé sípánà. Kóró súgà tó ń yọrí síta yẹn, mo kó o sínú àpò tí mo rán sínú lọ́hùn-ún, mo sì fi síìpù tì í. Orí mi wú. Mo ní wọ́n á gbàdúrà fún mi lọ́nà.

Wọ́n jáde, wọ́n so àpò mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, wọ́n sì lọ.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọmọ wọn yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ká jọ lọ pàdé wọn létí òkun. Ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, ohun tó fọkàn mi balẹ̀ ni àpò òsì yẹn tí kò ní síìpù. Ṣé ẹ mọ̀ pé síìpù ni Màmá ń bá jà lọ́dún tó kọjá tí wọ́n fi ṣubú? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè ṣí síìpù."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò gbé e. Mo sọ fún ọmọ pé mo fẹ́ lọ ra òwú. Mo sáré wọ ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé mi lọ sọ́nà òkun. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Irú òwú wo ló wà lọ́hùn-ún?" Ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́.

Kìlómítà àádọ́fà náà la ti bá wọn, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ń dúró dè wọ́n. Wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́bàá títì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òógùn bo ojú wọn. Mo bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Mo kì àpò mọ́lẹ̀, mo ń wá síìpù. Ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n. Síìpù tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, mi ò lè ṣí i.

"Bọ́tìnnì, fi àpò sílẹ̀."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò àyà ẹ̀wù wọn, àpò tó la ẹnu sílẹ̀, wọ́n mú kóró súgà jáde. Wọ́n jẹ mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. "Ká fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," wọ́n ní. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí ohùn wọn padà, wọ́n ní, "Lẹ́tà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kó tó gbà á, a kì í dà á mọ́ tàwọn yòókù nínú àpò. Àyà wa la máa ń gbé e sí. Súgà náà, mo pín in sí méjì ni. Láti kìlómítà kẹwàá ni mo ti mọ̀ pé o ti débẹ̀. Búrẹ́dì ni mo na ọwọ́ sí, ẹyin àádọ́rin ni mo bá. Ta ló tún máa wé sípánà bí ọmọ tuntun? Mo dúró, mo tún un tò, súgà nìkan ni mi ò rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ, mo wá ń sáré lé wọn. Ìsáré yẹn ló sọ mí di báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá ti pè mí."

"Kó o lè sunkún sétí ọmọ mi?"

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n dúró, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní ó ti gòkè. Oníbúrẹ́dì ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Ẹ ṣeun gan-an ni," wọ́n ní. "Ó ku ilé márùn-ún tí mi ò tíì dé."

Wọ́n jẹ búrẹ́dì àádọ́fà tán pátápátá. Wọ́n ṣí síìpù fúnra wọn, wọ́n kó súgà padà sápò òsì, wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Mo dúró lójú títì, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí wọn, torí wọ́n bí wọn ṣáájú mi ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ fún.

Oníbúrẹ́dì gbé mi lọ dúró dè wọ́n níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ etí òkun, aago mẹ́rin sì kọjá kí wọ́n tó dé. Àwọn ni wọ́n dé kẹ́yìn, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì wà. Ọmọ wọn ti débẹ̀. Ó ti rí mi. "Àǹtí, òwú dà?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi ìkankan pa mọ́. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé ọkọ̀ gbé yín?"

"Rárá," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Bọ́tìnnì ni ọkọ̀ gbé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà láìròtẹ́lẹ̀. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì rọra fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ara kẹ̀kẹ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ pé á fi tọrẹ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpò. Oúnjẹ inú ẹ̀ ti tán, ó ku bébà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà ọgọ́jọ. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti di bébà yẹn mú láàárọ̀, mo ti gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, mi ò ka ohun tó wà lára rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà láti àná: Àbúrò mi, Bọ́tìnnì, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Búrẹ́dì inú ẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì jẹ ẹ́ tán.