Ọjọ́ Ayé Ìràwọ̀ Ńlá

Ṣàyẹ̀wò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe tíṣà ìṣirò, nítorí gbogbo ọ̀lẹ ló máa ń pariwo mọ́ pé, "Ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ!" Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yìí, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ti kó kíláàsì kan wá wo àwòrán oòrùn àtàwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sára ògiri yàrá ìkàwé, Ṣàyẹ̀wò sì wà láàárín wọn. Ó ka ohun tó wà lábẹ́ ìràwọ̀ tó tóbi jù: "Oòrùn yóò lo bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún. Ìràwọ̀ yìí wúwo tó oòrùn mẹ́wàá, nítorí náà yóò lo ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù."

Ó yíjú sí obìnrin tó kùn ún, tó ṣì wà lórí àkàbà.

"Ìyá Ọ̀dà! Ṣé ẹ̀ ń fọ́n òdo bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ ni? Ìràwọ̀ tó wúwo báyìí ń jó epo ara ẹ̀ ní ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti oòrùn. Ọmọ olówó onínàákúnàá ni! Kò ní lò ju bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún lọ."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnu Ṣàyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ni Ìyá Ọ̀dà ti gbọ́ iye yẹn. Epo ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ̀mí ìlọ́po mẹ́wàá: ibẹ̀ ló ti dúró, kò béèrè bí iná náà ṣe ń jó tó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyá Ọ̀dà wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Màá tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì máa lọ. Gbọ̀ngàn ìpàdé tí mo ní kí ẹ wá kùn, ẹlòmíì ló máa kùn ún."

Ọ̀gá àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ṣàyẹ̀wò sún mọ́ àkàbà.

"Ìyá, ẹ̀bi mi ni. Kí ló dé tí ẹ fi bò mí láṣìírí?"

"Ta ló bò yín? Mò ń dúró kí ẹ lanu ni."

"Ẹ forí jì mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti bú mi, Tíṣà. Kọ̀rọ̀ lẹ wá ti ń bẹ̀ mí."

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun.

"Ẹ má tíì pa á rẹ́," ni Ṣàyẹ̀wò wí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pè wọ́n, gbogbo wọn sì yíjú padà, tọ̀gá takẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá, gbogbo yín. Ìyá kọ́ ló ṣi ìṣirò yẹn. Èmi ni."