Orúkọ Tí Wọn Ò Lè Yọ

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa pé Ṣóbọ̀wálé, alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Ígàndó, kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gọ́tà lórí, òun ni àgbàrá fi ń ya wọlé onílé. Bébà jáde láàárọ̀ Ẹtì, a sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ọ̀sán, orúkọ alága ti pòórá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ẹnì kan" ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, Bọ̀dá Abdulganiyy.

"Fàdìlàt, alága ló pè mí. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi yọ ọ́."

"Ti inú bébà ńkọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún ń ka bébà?"

Mo gbé bébà kan, ó di Ìkòtún, lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ìwé ìròyìn, níbi táwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ojú ewé tí orúkọ alága wà kọ́ síwájú. Ká tó wí ká tó fọ̀, èrò ti pé lé e lórí, wọ́n ń pe orúkọ Ṣóbọ̀wálé ketekete.

Fóònù mi dún. Ọ̀gá ni. "Fàdìlàt, alága ń pariwo! Lọ yọ ọ́ kúrò!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yọ, sà. Ẹ máa bọ̀ n'Íkòtún, ẹ wá yọ ọ́ lójú wọn."