Èyí Tó Bá Ti Lóyún

"Felicia, gba síríńjì yìí, kí o máa fa oògùn sí i fún mi," ni Dókítà Olúbọ̀wálé wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Felicia gbà á. Nínú gbogbo àwọn tó ń fún wàrà ní ọgbà màlúù ẹ̀yìn Ìsọlọ̀ yẹn, ọwọ́ tirẹ̀ ló balẹ̀ jù, dókítà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó mú ìgò oògùn, kò ṣí i.

Ọ̀gá wọn, tí sìmẹ́ńtì sọ di olówó, ló ra ọgbọ̀n abo màlúù, tó ní kí gbogbo wọn bímọ lásìkò kan náà, kí wàrà lè ya bí omi. Ìdí abẹ́rẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá gún wọn lónìí, tí wọ́n tún gún wọn lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, gbogbo wọn yóò jọ máa wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ti ṣàlàyé láàárọ̀: oògùn náà dára, àmọ́ tó bá kan èyí tó ti lóyún, oyún bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ ọwọ́ wọn, nítorí ó máa ń gba awọ ara wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló di ẹ̀rù sí Felicia lára. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Méjì ti bàjẹ́ ṣáájú èyí. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti wá láti Ìkẹ́rẹ́ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ikùn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wàyí o, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ kan, síríńjì wà lọ́wọ́ kejì. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí tú. Bó bá dákẹ́, ẹ̀kán oògùn kan péré ti tó láti ba oyún jẹ́.

Bàbá Mísbáù, àgbà darandaran, ti to àwọn màlúù. Dókítà nawọ́ sí wọn.

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ti lóyún, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Felicia bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé e. Màlúù ni wọ́n ń bá wí o. "Èyí" ni dókítà wí, kò wí pé "ẹni". Ṣùgbọ́n ta ló ń ro gírámà nígbà tí ọmọ wà nínú? Bàbá Mísbáù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì.

Dókítà wò ó títí. "Felicia, ìwọ náà ni?"

"Èmi náà ni, sà. Oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo sọ."

Dókítà rọra gba ìgò àti síríńjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì ṣí ìgò, síbẹ̀ ó bu omi sí i lọ́wọ́, ó ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgunpá. Ó ní ẹ̀bi òun ni: ìwé inú páálí oògùn ti kìlọ̀ pé kí aboyún má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ òun, a kì í bi obìnrin léèrè bóyá ó lóyún. Ojú tì í gan-an, Felicia sì tún wá fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

"Àá gbóhùn ìyá, àá gbóhùn ọmọ," ni Bàbá Mísbáù wí jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun ò rí nǹkan kan. Ó wá da àwọn màlúù tó ti lóyún sẹ́gbẹ̀ẹ́; mẹ́rin ni wọ́n.

Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ àwọn mẹ́rin ọ̀hún lábẹ́ igi máńgòrò, kó má sì sún mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ mọ́. Bàálù kan kọjá lókè, ó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà, àwọn màlúù ò mira. Felicia dúró láàárín wọn, ó gbé ọwọ́ tó ń ta sánsán ọṣẹ lé ikùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.