Ọkọ̀ Òfurufú Méjì Lórí Òrùlé Alhaja

"Bọ̀dá Herbert, ẹ wo ọkọ̀ òfurufú yín dáadáa o, torí èérún rẹ̀ lẹ máa kó délé."

Fàtáì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé Alhaja Àlímọ̀t, ìyá Fàtáì, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò sí ibòmíràn ládùúgbò tí èèyàn ti lè mú ọkọ̀ òfurufú ìṣeré onírìmóòtù fò láìjẹ́ pé ó kọ́ wáyà iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣàdéhùn: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ já, kò gbọdọ̀ gun òrùlé yìí mọ́ láyé.

Apá ọkọ̀ Fàtáì kúrú, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké dé Òkè Àrin bí ẹni tí wọ́n ń gún lọ́bẹ. Eré ló gbé e dúró. Tó bá rọra pẹ́nrẹ́n, òkò ni. Apá ti Herbert gùn, ó fúyẹ́. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú, á ṣì máa rá bàbà bí àṣá lórí atẹ́gùn ọ̀sà.

Fàtáì fi tirẹ̀ kọlu ti Herbert. Etí apá kan fò dànù.

"Mo ti pa á, bọ̀dá. Ẹ kú ọ̀fọ̀."

Àmọ́ òkú ò já. Ó ń rá bàbà lọ jẹ́jẹ́. Ti Fàtáì ló fì síbìí fì sọ́hùn-ún, tó yí padà, tó kọjú sí wọn. Bí ọkọ̀ bá sì ti kọjú sí ẹni tó ń darí rẹ̀, òsì ọkọ̀ ti di ọ̀tún onítọ̀hún. Ìbẹ̀rù mú Fàtáì gbàgbé. Herbert wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Fàtáì tẹ rìmóòtù sósì kí ọkọ̀ lè yà fún un. Ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, ó gbá Herbert lẹ́nu, ó já lulẹ̀.

Herbert tu eyín kan dànù, ó fi orí kan Fàtáì nímú. Imú fọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá," Fàtáì wí, ó fọ́ ọ létí. "Ẹ má bínú sí mi." Ó fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn. "Àgbà lẹ jẹ́."

Herbert ṣubú, ó fi eyín tó kù gé ojúgun Fàtáì jẹ. "Tìẹ ló já," ó ń kùn mọ́ ẹsẹ̀ náà. "Èmi ni mo ni òrùlé."

Fàtáì fi ẹsẹ̀ kejì tẹ rìmóòtù Herbert fọ́. Àṣá òkè da orí kodò, ó sọ ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fọ́ yángá.

Alhaja gòkè wá. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ara wọn.

"Mọ̀mí," Herbert wí, "ẹ bá wa dá a. Ta ló ni òrùlé?"

Alhaja nawọ́ sí ibi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táńkì omi ni wọ́n ń gbé bọ̀ síbẹ̀ yẹn."