Ẹ̀wà Tí Bàbá Kì Í Jẹ

Wẹ́dà da ẹ̀wà tó ti jinná sínú bùlẹ́ńdà, ó bu omi gbígbóná lé e, ó fi ọwọ́ òsì di ìdérí mú, ó sì fi tọ̀tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà ké, ó ń mì tìtì, ẹ̀wà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí omi tó ń wọ kòtò. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé asẹ́ lé orí àwo, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó ń fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí èèpo fi ṣẹ́ kù sókè, tí ohun tó kán sílẹ̀ sì ń dán bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún bùlẹ́ńdà yẹn ṣe. Ẹnì kan ló ti sọ ọ́ nù sẹ́yìn ilé. Wẹ́dà tú ìdí rẹ̀, ó rí i pé wáyà kan péré ló já, ó so ó pọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí àìsàn fi Bàbá sílẹ̀, tó ti gba agbára rẹ̀ lọ, tí eyín tó fi ń lọ oúnjẹ sì ti lọ bá a lọ, dókítà ní kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ tó rọ̀. Wẹ́dà dúpẹ́ pé òun kò tíì ta ẹ̀rọ òun. Kí ló tún lè rọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ bá lọ̀?

Ó gbé àwo náà jáde. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí Wẹ́dà ti ń jó irin pọ̀, níbi tó máa ń wà láti àárọ̀, tí á máa kí ẹni tó ń lọ, tí á sì máa bá ẹni tó ń bọ̀ ṣàwàdà. Bíríkìlà ni nígbà tó lágbára. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ wọ́n. Báyìí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a wọ̀.

"Bàbá, oúnjẹ rè é o."

"O ṣeun, ọmọ mi. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ó bu ṣíbí kan, ó fi í sẹ́nu, ó pa ẹnu dé, ó gbé e mì. Ó bu ìkejì. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rọra ti àwo náà síwájú.

"Ó tó. Mo ti yó."

"Ṣíbí méjì, Bàbá?"

"Àgbà kì í jẹun púpọ̀."

"Àbí kò dùn ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ gidi ni. O ṣeun."

Ohun tó máa ń dun Wẹ́dà wọ egungun nìyẹn. Bàbá kò ní wí, kò ní fọ̀. Nínú ilé tí ọkùnrin yìí ti tọ́ wọn dàgbà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tí ẹlòmíì bá fi ọwọ́ rẹ̀ sè. Nígbà tí Wẹ́dà wà ní kékeré, ó ṣèèṣì sọ nígbà kan pé ìrẹsì ń run èéfín. Bàbá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé e padà. "Bó bá wù ọ́, jẹ ẹ́," ni Bàbá wí. "Bí kò bá wù ọ́, sọ pé o ti yó, kó o sì dúpẹ́." Ẹni tó ṣe òfin náà ló wá ń tìtorí òfin náà febi pa ara rẹ̀ báyìí, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà obìnrin ni, télọ̀ tó ń gbé ní ìlú kejì.

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹ."

"Ṣíbí mélòó?"

Wẹ́dà bojú wo àwo náà.

"Mo mọ̀. Kí lo fún un?"

"Ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà? Tí Bàbá fẹ́ràn bí ojú? A jẹ́ pé ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n sè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá wo ló fẹ́ràn ẹ̀wà? Bàbá tó tọ́ mi dàgbà kì í jẹ ẹ̀wà. Torí dókítà ní ó ń fún ara lókun ni mo ṣe ń gbìyànjú ẹ̀."

"Ta ló wá máa ń jẹ ẹ́ kan ìdí ìkòkò nígbà tí Màmá wà láyé? Èmi ni mo máa ń fọ ìkòkò, o ò tíì dáyé nígbà yẹn."

"Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Agbárí ẹ ló ń gbàgbé! Gbọ́ o. Mò ń gbé mọ́tò bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí mo bá dé tí Bàbá ò tíì máa jẹun bí èèyàn, mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Má wulẹ̀ bá mi jà."

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ohùn ẹ̀gbọ́n kì í dúró nínú fóònù. Òkè pátápátá ni ilé rẹ̀ wà nínú ilé alájà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì tóóró. Wẹ́dà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbé Bàbá gun ibẹ̀, ó di kó máa wo ìgboro láti ojú fèrèsé.

"Mo ti gun àtẹ̀gùn yẹn rí," ni Bàbá wí. "Ẹni tó mọ ọ́n kò fẹ́ràn àgbà. N ò fẹ́ lọ."

"Ẹ jẹun nígbà náà, Bàbá! Ẹ jẹun!"

"Ṣebí mo ń jẹ."

Wẹ́dà wọlé kó má baà sọ ohun tí kò yẹ.

Ó sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó ra ẹja, ó sè é, ó yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi mílíìkì lọ̀ ọ́. Ó di nǹkan funfun ràkọ̀ràkọ̀. "Mo ti yó." Ó se ẹyin títí ó fi le bí òkúta, ó tún fi omi lọ̀ ọ́ kó lè rọ̀. "O ṣeun, ó tó." Ó lọ kárọ́ọ̀tì, ó lọ ìrẹsì, ó lọ ẹran. Ó fi ṣúgà sí i, ó yọ ṣúgà kúrò, ó fi bọ́tà dípò. Ó pààrọ̀ àwọ̀, ó pààrọ̀ adùn. Ẹ̀rọ nìkan ni kò pààrọ̀. Ajá aládùúgbò, tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn, ó sì ń wo Bàbá bí ẹni ń wo olóore.

Ọkàn Wẹ́dà kò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Géètì kan wà nílẹ̀ tó ń jó pọ̀, ó jẹ́ kí iná pẹ́ jù lójú kan, páìpù sì lu. Ó sún síwájú, ó tún lu òmíràn. Oní-géètì dé, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá Wẹ́dà, géètì la jọ sọ o. Asẹ́ lo wá ń ṣe fún mi yìí?"

"Ẹ má bínú sà, n ó dí i."

"Kó o yáa dí i, kí olè má baà máa yọjú kí mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Wẹ́dà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ lọ́sàn-án, ó lọ ẹ̀wà àti ẹja pọ̀, èrò rẹ̀ ni pé bí méjèèjì bá pàdé, ọ̀kan á ran èkejì lọ́wọ́. Bàbá bu ṣíbí kan. Ó ti àwo síwájú.

"Mo ti—"

"Ẹ má sọ ọ́!" Wẹ́dà já ṣíbí gbà. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi lónìí! Kí ló ṣe é gan-an?"

Ó bù ú sẹ́nu ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń lọ nǹkan, kò tíì tọ́ ọ wò rí. Ẹ̀wà ni ẹ̀wà, ẹja ni ẹja. Kí ló kù tí èèyàn tún fẹ́ tọ́ wò? Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó sáré lọ tu ú sínú gọ́tà.

"Háà! Kí ni ràdàràdà yìí? Bàbá, oúnjẹ yìí ò dáa! Símẹ́ńtì ni, símẹ́ńtì tí wọ́n pò tí wọ́n gbàgbé!"

Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tó dúró sí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n èjìká Bàbá ti ń gbọ̀n, ẹ̀rín ń jáde láti imú rẹ̀.

"Má bú símẹ́ńtì," ni Bàbá wí. "Símẹ́ńtì ní tiẹ̀, bó bá gbẹ, ó máa ń le."

"Ẹ mọ̀ pé kò dáa?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o! Ẹni tó sè é ló sọ ọ́. Ẹni tó sè é lè bú u bó ṣe wù ú. Èmi kàn gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni."

Wẹ́dà wò ó. Ó fa àpótí kan, ó jókòó níwájú rẹ̀. Òfin náà ní ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn, òun kò sì mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹyin tí mo sè lánàá," ó rọra wí, "ó ń rùn."

"O ò parọ́. Bí wọ́n bá se ẹyin pẹ́ jù, á máa rùn bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn."

"Kárọ́ọ̀tì yẹn náà, bí èèyàn gbé aṣọ tútù mì ni."

"Aṣọ tí wọn ò fún dáadáa."

"Ẹ̀wà ló wá burú jù. Ẹ̀wà ò dáa, kò dáa rárá."

Bàbá gbójú sókè. Ó ń wo òdìkejì ọ̀nà.

"Ẹ̀wà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan," ó wí níkẹyìn. "Bí màmá rẹ bá sè é, á rọ̀ bí òwú, síbẹ̀ hóró kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Wàá fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, á tú. Nígbà tó lọ, ọmọ ọwọ́ ni ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán; àbúrò mi obìnrin wá ń bá wa sè é. Ó máa ń fi orógùn fọ́ ọ kúná ni. Ọmọlúàbí ni, kò sinmi nítorí wa. Mo ti ń yó láti ìgbà yẹn."

Wẹ́dà rántí ariwo orí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan, òun náà kò sì parọ́. Bàbá kan ṣoṣo ni, ìkòkò ló jẹ́ méjì.

"Eyín ló lọ," Bàbá ṣì ń sọ ọ́. "Ahọ́n ò bá a lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó wọlé."

"Ẹ ò bá ti sọ, Bàbá! Láti ọjọ́ yìí!"

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ló kù tó máa pa òfin mọ́ nínú ilé yìí?"

Wẹ́dà lọ rẹ ẹ̀wà sómi.

Ìkòkò àkọ́kọ́ bà jẹ́. Ó tan sítóòfù, ó gbé iná sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n gbé, ẹ̀wà ń hó kùtùkùtù, nígbà tó sì ṣí ìdérí, ó ti fọ́ yánnayànna. Inú bí i débi pé ó fẹ́ gbé ìkòkò náà sọ sóde. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rẹ òmíràn, ó sì lọ sùn. Ní kùtùkùtù Sátidé ó gbé ẹ̀wà náà ka iná, ó gbé àga síwájú sítóòfù, ó sì ń wò ó bó ti máa ń wo irin. Ibẹ̀ ló ti rí i. Omi tó ń hó ni ó ń gbá hóró mọ́ hóró, tó ń gbá wọn mọ́ ara ìkòkò, èèpo á ti bó kí inú tó rọ̀. Ó yí òwú sítóòfù wálẹ̀ títí omi kò fi hó mọ́, tó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ lójú. Ó dé e. Kò fi ṣíbí kàn án. Nígbà tó fẹ́ kó yí, ó di etí ìkòkò mú, ó mì í. Ó rọra din àlùbọ́sà nínú òróró títí ó fi pọ́n tó sì di dídùn, nítorí pé Bàbá kì í fẹ́ gbóòórùn àlùbọ́sà tútù. Nígbà tí ẹ̀wà ti rọ̀, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó tẹ́ ẹja tó ti yọ egungun rẹ̀ lé e lórí, ó sì dé e padà kí ooru nìkan máa sè é. Ó mú hóró kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ó tú láì jà. Ohun tí dókítà fẹ́ nìyẹn, hóró náà sì ṣì ní ìrísí.

Mọ́tò dúró lóde. Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, kò bá Wẹ́dà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ sínú yàrá, ó ń ká ẹ̀wù Bàbá kúrò lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń kó wọn sínú báàgì.

"Ẹ jẹ́ kó jẹun ná, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oúnjẹ wo? Ẹ̀kọ símẹ́ńtì yẹn? Bàbá ti sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kó jẹun."

Ó gbé àwo síwájú Bàbá. Bàbá kò kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó wo inú àwo náà. Ó bu ṣíbí kan, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka nǹkan. Ó bu òmíràn. Ó fi ṣíbí ya ẹja, ẹja náà pín ní pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀wù kan lápá. Wẹ́dà ń ka ṣíbí títí ìdí àwo fi hàn.

"Bù sí i," ni Bàbá wí.

Wẹ́dà bù sí i. Ẹ̀gbọ́n fi ṣíbí kó díẹ̀ nínú ìkòkò, ó tọ́ ọ wò, ó yí ojú kúrò fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá ṣì rù," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mo mọ̀."

"Mò ń bọ̀ níparí oṣù. Tí mo bá dé tó o ti padà sídìí ẹ̀rọ burúkú yẹn—"

"Ẹ ò ní bá a níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n tú báàgì náà, ó sì fi àwọn ẹ̀wù kọ́ sára ìṣó padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti òde, oní-géètì ti ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo pé òun tún rí ihò kan. Wẹ́dà gbé àwo òfìfo náà kúrò níwájú Bàbá.

"Lọ́la ńkọ́?" ni Bàbá bèèrè. "Ẹyin ni kó o ṣe. Má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná."