Kò Sí Ẹnikẹ́ni ní Kosogorovo

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí kánsù ṣe sọ ọ́ fún mi: kò sí ẹnikẹ́ni ní Kosogorovo. Èmi Kapitolina, tí mo fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà yí gbogbo àgbègbè yìí ká fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo mọ ajá ilé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, èmi kọ́ ni mò ń dáná nínú ilé mi. Iwin ni. Inú ń bí mi, n ò ní purọ́ fún yín. Ó ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Oṣù kọkànlá ni Rimma, akọ̀wé kánsù ní ìlú Ustye, fi ìwé náà hàn mí. Àwọn abúlé tí kò ní olùgbé jẹ́ mẹ́tàlélógójì, tiwa sì wà láàárín wọn. Abúlé tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, katakata kò gbọdọ̀ kó yìnyín ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

"Rimma, ìwọ ọmọ Fekla, ta ló dúró níwájú rẹ yìí?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ilé ọmọ yín ní Ustye níbí ni orúkọ yín wà."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lé orúkọ mi lọ síbẹ̀? Àwọn náà ni! Ilé ìwòsàn Ustye ló ní àwọn ò ní tọ́jú ojú mi àfi tí orúkọ mi bá wà ní Ustye. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Zosima, aládùúgbò mi, bàbá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tí orúkọ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú ńlá. Àwa méjèèjì péré là ń lo ìgbà òtútù ní Kosogorovo.

"Ó dáa, dá orúkọ mi padà síbẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe, Màmá. A kì í kọ orúkọ èèyàn sí abúlé tí kò ní olùgbé."

"Kí ló máa wá sọ ọ́ di abúlé tó ní olùgbé?"

"Tí orúkọ ẹnì kan bá wà níbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín o! Ó sọ ọ́ gan-an bí ẹni ń ka aago fún mi. Mo jáde kí n má baà nà án.

Nígbà tó di oṣù kìíní, yìnyín ti dé itan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Zosima bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ru igi gun òkè, ètè rẹ̀ sì dúdú bí aró. Mo pe áńbúláǹsì. Wọ́n dé ojú títì ńlá, wọ́n wo kìlómítà mẹ́rin yìnyín tó wà níwájú wọn, wọ́n ní kí n gbé bàbá wá bá àwọn. Kí n gbé e! Èmi arúgbó, àti ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn! Mo pe kánsù. Wọ́n ní ọ̀nà yẹn kò sí nínú ìwé.

Ni mo bá pe Prokhor tó ń wa katakata.

"Màmá, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀," ó ní. "Tí mo bá kó yìnyín níbi tí wọn ò kọ sínú ìwé mi, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Itẹ́ òkú nìkan ló kù lórí ìwé mi ní Kosogorovo. Tí ìsìnkú bá wà, kí n ṣí ọ̀nà kíá."

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Orí mi gbóná! Wọ́n mọ̀ pé òkú wa wà níbẹ̀, àwa alààyè ni wọn ò mọ̀! Mo yíjú sí Zosima.

"Bàbá, mo fẹ́ pa yín."

"Tètè ṣe é," ó ní, èémí ń já a, "kó tó di pé mo ṣe é fúnra mi."

Mo pe Rimma. Mo ní Zosima ti jáde láyé.

"Áà! Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

N ò ṣe àmín. Mo ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà, mo sì pe áńbúláǹsì pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé katakata bọ̀.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Prokhor fi dé. Ó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó ń wá ibi tí òkú wà. Òkú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nínú ẹ̀wù onírun.

"Dé fìlà rẹ, ọmọ yìí," Zosima ní. "Òtútù á mú etí rẹ."

"Yéè!" Prokhor fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sínú garawa omi. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Zosima. Ó pọ̀n ọ́n, ó sì gbé e jáde lọ sínú áńbúláǹsì. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dé, ìsìnkú gidi ni à bá ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta, alága kánsù, Gleb Arkhipovich, ránṣẹ́ pè mí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ yìnyín dé ojú títì, Prokhor sì fi katakata rẹ̀ gbé mi láti ibẹ̀. Alága ò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

"Ìyá, ẹ purọ́ fún ìjọba! Ẹ pe alààyè ní òkú!"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀! Àti èmi náà! O sì fọwọ́ sí i!"

"Màá fi yín sun àwọn ọlọ́pàá." Ó fa ìwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. "Níbo lẹ ti pe kánsù?"

"Inú ilé mi, ní Kosogorovo."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Máa kọ ọ́ lọ!" mo ní. "Kọ ọ́ pé olùgbé Kosogorovo kan purọ́ fún ẹ. Kọ orúkọ mi. Lu òǹtẹ̀ sí i, kí n mú un lọ bá Rimma."

Ó gbé bírò sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ẹ máa lọ sílé, Ìyá. A ti gbàgbé ẹ̀."

"Ilé wo? Ọ̀nà ti tún dí láti àná, Zosima sì ń bọ̀ wálé lọ́jọ́bọ̀." Mo fa àga, mo jókòó sí i níwájú. "Ìwé dà? Kọ ọ́ parí."